Mario Kart: ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ló ń gbà á, àbí ẹni tórí bá bá ṣe é?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 7 tí ò tíì mọ okùn bàtà so dáadáa, ló nà mí nínú Mario Kart, géèmù ìdíje ọkọ̀ yẹn, ní Sunday ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi ni mo wà níwájú láti ìyípo àkọ́kọ́ o. Ó ku kọ́nà kan péré kí n dé ìlà ìparí, mo ti ń rẹ́rìn-ín sínú, àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró fíìn-fíìn-fíìn yẹn lẹ́yìn mi, ẹni tó bá ti gbá géèmù yìí rí mọ ìró tí mò ń sọ. Ìkarahun búlúù. Ó bú gbàù lé mi lórí, káàtì mi fò sókè, mo jókòó síbẹ̀ mo ń wo àwọn èèyàn tí wọ́n ń kọjá lọ, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ọmọ yẹn sì wà láàárín wọn tó ń pariwo "Bọ̀dá, ẹ máa bọ̀ o!" Ipò kẹfà ni mo ṣe. Òun ló ṣe ìkíní.

Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ẹ̀ ní ọmọ òun mọ̀ ọ́n ni, kí n gba kámú. Mo ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ mímọ̀, orí ló bá a ṣe é." Ọkọ wọn, tó ti ń gbá a láti ayé Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ yẹn, dá sí i pé ti àtijọ́ ló gba ìmọ̀, ti ìsinsìnyí ti di lọ́tìrì. Irú ìjà yìí kan náà ló ń lọ káàkiri láti June 2025 tí Mario Kart World ti jáde pẹ̀lú káàtì 24 lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, àwọn kan ń sọ pé ìmọ̀ọ́ṣe ti kú, àwọn kan ní ẹni tí ò mọ̀ ọ́n wà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá ní kí n jókòó tú u palẹ̀, torí lójú tèmi, ìbéèrè yẹn gan-an ni wọn ò bi dáadáa. Àkọsẹ̀bá ò fìgbà kankan kúrò nínú géèmù yìí. Ilé ló kàn ń kó, látinú ẹ̀dà kan sí òmíràn.

Fún ẹni tí ò gbá a rí

Ilé-iṣẹ́ Nintendo ti Jàpáàn ló ṣe é. Káàtì ni ọkọ̀ kékeré tí kò lórùlé, ẹ mú ẹnì kan nínú Mario, Luigi, Peach, Bowser àti àwọn ẹbí wọn, ẹ wà á yí pápá ká, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ló jẹ ẹ́. Ká ní ìyẹn nìkan ni, ìjà ì bá má sí. Àmọ́ àwọn àpótí kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní àmì ìbéèrè lára, tẹ́ ẹ bá ti sáré gba inú ẹ̀ kọjá, á fún yín ní nǹkan kan. Ó lè jẹ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ máa jù sílẹ̀ kí ẹlòmíì fi yọ̀. Ó lè jẹ́ olú, tó ń ta káàtì síwájú bí ẹni tí ajá ń lé. Ìkarahun aláwọ̀ ewé wà tó ń lọ tààrà, tí pupa ń lé ẹni tó wà níwájú yín bá, ìràwọ̀ wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá lò ó ohunkóhun ò lè ṣe yín, mànàmáná wà tó ń sọ gbogbo ẹni tó kù di ràrá. Ìkarahun búlúù ni ọ̀gá wọn, ẹni tó wà nípò kìíní ló máa ń wá lọ. (Ìkarahun ìjàpá ni gbogbo wọn o. Àní nílẹ̀ Jàpáàn lọ́hùn-ún, Ìjàpá ò jẹ́ kéèyàn sinmi.)

Nǹkan kan tún kù tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, dírífítì. Tẹ́ ẹ bá dé kọ́nà, ẹ máa di bọ́tìnì kan mú kí káàtì máa fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ, iná á máa ṣẹ́ lára táyà, tẹ́ ẹ bá wá fi bọ́tìnì yẹn sílẹ̀ lásìkò, ọkọ̀ á ta síwájú díẹ̀. Ìtasíwájú yẹn ni wọ́n ń pè ní mini-turbo, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Kí là ń pè ní ìmọ̀ọ́ṣe, kí là ń pè ní àkọsẹ̀bá?

Ẹ jẹ́ ká fi eré tí gbogbo wa mọ̀ wò ó. Ayò ọlọ́pọ́n: ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ló wà níta, kò sóhun tó pamọ́. Ọ̀ta ni yóò na òpè, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kódà kí òpè ti gbààwẹ̀ wá. Ìmọ̀ọ́ṣe pátápátá nìyẹn. Ẹ lọ sídìí kálòkálò, kò sí ọ̀ta níbẹ̀, kò sí òpè, ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ yín. Àkọsẹ̀bá pátápátá nìyẹn náà. Àárín méjèèjì ni lúdò àti Whot wà, torí ẹ̀yin kọ́ lẹ mọ ohun tí dáìsì máa dá tàbí káàdì tí wọ́n máa pín fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ tẹ́ ẹ máa gbé àti ìgbà tẹ́ ẹ máa já general market lé àwọn èèyàn lórí.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń dán eré wò: ṣé ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi? Nídìí kálòkálò, ẹ ò lè ṣe é, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ pàdánù tó, ó lè kan yín lówó. Nínú Mario Kart, ó rọrùn, ẹ kàn kọjú ọkọ̀ sí ògiri. Nítorí náà ìmọ̀ọ́ṣe wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí rárá ń bínú ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé nǹkan méjèèjì wà lórí òṣùwọ̀n kan, pé bí ọ̀kan bá ń lọ sókè, èkejì gbọ́dọ̀ máa wá sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eré kan lè ní ìmọ̀ọ́ṣe púpọ̀ kó tún ní àkọsẹ̀bá púpọ̀, bíi Whot láàárín àwọn àgbà tí wọ́n ń ka káàdì tó ti jáde. Òmíràn ò ní ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè ni irú àkọsẹ̀bá wo ló jẹ́, torí oríṣi méjì ló wà.

Èkíní: ẹ lọ sọ́jà láti ra ẹran, ẹ débẹ̀ ẹ bá a pé ẹja ló kù. Ẹ ò gba ohun tẹ́ ẹ fẹ́, àmọ́ ọwọ́ yín ni bí ọbẹ̀ ẹja yẹn ṣe máa dùn tó ṣì wà. Èkejì: ẹ ti se ọbẹ̀ tán, ó ń ta sánsán, ẹ lọ mú àwo wá, kẹ́ ẹ tó dé ewúrẹ́ ti da ìkòkò dojú dé. Kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ máa dá sí i mọ́. Àpótí alámì ìbéèrè jọ ọjà. Ìkarahun búlúù ni ewúrẹ́. Inú èèyàn kì í bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sí ọjà, ewúrẹ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ta ló ń pín nǹkan inú àpótí?

Àpótí ò pín nǹkan dọ́gba o. Ó dà bí ìyá tó ń bu ẹran, ọmọ tó bá rù ló ń bu egungun ńlá fún. Ẹni tó wà níwájú á rí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, á rí ìkarahun aláwọ̀ ewé, nǹkan tó lè fi dáàbò bo ara ẹ̀ lásán. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń rí ìràwọ̀, mànàmáná, tàbí Bullet Bill, ìyẹn ọta ìbọn ńlá kan tó máa gbé yín sáré kọjá èèyàn bíi mẹ́fà, ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nínú Mario Kart 8 àti Deluxe, ìyẹn ẹ̀dà Mario Kart 8 tí wọ́n tún ṣe, kì í ṣe ipò yín nìkan ni wọ́n ń wò, bí ẹ ṣe jìnnà sí ẹni tó wà níwájú tó ni. Ẹ lè wà nípò kẹrin kẹ́ ẹ rí ẹrù olówó ńlá tó bá jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ ti sá lọ pátápátá. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti mọ èyí, ni wọ́n bá ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró sẹ́yìn, wọ́n á kó ìràwọ̀ àti olú jọ, wọ́n á dúró de ọ̀nà àbùjá kan, gbàà, ipò kejìlá di ipò kejì. Bagging ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó ń ṣe bí ẹni tí ò yó kí wọ́n lè fi ẹran kún tiẹ̀ ni, kí lẹ wá fẹ́ pe ìyẹn, ìmọ̀ọ́ṣe àbí àkọsẹ̀bá? Èmi ò mọ ẹni tó ń ṣe é tó ń jẹ ọ̀lẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ pápá, ẹ mọ ibi tí àpótí wà, ẹ mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dìde.

Ṣé òótọ́ ni pé ti 1992 ló gba ìmọ̀ jù?

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò parọ́, àmọ́ wọn ò sọ gbogbo ẹ̀ tán. Super Mario Kart jáde lọ́dún 1992, káàtì 8, ìyípo 5, èèyàn méjì péré ló lè jọ gbá a. Wíwà ọkọ̀ yẹn le bí ojú ẹja, tí kọ́nà bá ti kọ̀ yín, ó kọ̀ yín nìyẹn. Kò sí ìkarahun búlúù. Kọ́ìnì wà lórí ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣa 10 jọ, ọkọ̀ á sáré jù bó ṣe ń sáré lọ, tẹ́ ò bá ní ìkankan, ẹnikẹ́ni tó bá forí gbá yín, ẹ máa pòyì. Gbogbo ìyẹn, ìmọ̀ọ́ṣe ni.

Ojóoró kọ̀ǹpútà ni wọn ò mẹ́nu bà. Àwọn awakọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wà ní ohun ìjà tiwọn tí wọn ò gbà látinú àpótí kankan, Yoshi á máa ju ẹyin, Bowser á máa ju iná, Mario á kàn tan bí ìràwọ̀ nígbà tó bá wù ú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ra géèmù ò lè rí irú ẹ̀ gbà. Láàárín èèyàn méjì tí wọ́n jọ ń gbá a, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀ta ni yóò na òpè. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ẹ̀rọ, ewúrẹ́ wà nínú ilé láti 1992, ìwo lásán ni kò tíì yọ.

Ìgbà wo ni ìkarahun búlúù dé?

Mario Kart 64 ló mú un wá, ní ìparí ọdún 1996 ní Jàpáàn, ọdún tó tẹ̀ lé e níbòmíì. Èèyàn mẹ́rin wá lè jọ jókòó gbá a, mo rò pé ohun tó fà á gan-an nìyẹn. Tí èèyàn mẹ́rin bá jókòó sí pálọ̀ kan tí ẹnì kan sì ń gba gbogbo ẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù á dìde láìpẹ́. Wọ́n nílò ohun tó máa fà á lẹ́wù. Ìkarahun búlúù ti ìgbà yẹn ń rìn nílẹ̀, ó sì ń gbá gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Nínú Mario Kart: Double Dash, lọ́dún 2003, wọ́n so ìyẹ́ mọ́ ọn, ó ń fò lórí àwọn èèyàn lọ tààrà sórí ẹni tó wà níwájú, ó sì ń bú gbàù.

Double Dash fúnra ẹ̀, èmi ka á sí ọ̀kan tí wọn ò yìn tó. Èèyàn méjì nínú káàtì kan, ẹnì kan ń wà á, ẹnì kan di nǹkan mú lẹ́yìn, ẹ sì lè pààrọ̀ wọn. Ẹ mọ ohun ìjà pàtàkì tí ẹni tẹ́ ẹ mú lè rí: Donkey Kong, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá, Bowser, ìkarahun ràgàjì. Ọjà yẹn ti sún mọ́ ilé díẹ̀, ẹ mọ irú ẹja tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn: nínú èyí tó ṣáájú, ẹ lè di èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú sẹ́yìn káàtì kó gba ìkarahun pupa fún yín. Double Dash ò gbà. Nǹkan kékeré ni lójú, àmọ́ ẹni iwájú wá di ìhòòhò.

Super Circuit ti 2001 náà wà láàárín, ó dáa, kò dá ìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú Mario Kart DS táwọn èèyàn fi ń bínú sí ìmọ̀ọ́ṣe?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí, torí òun ló tú àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 2005 ló jáde, òun sì ni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ti lè bá ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí mini-turbo? Nínú DS, kẹ́ ẹ tó lè rí i gbà, ẹ máa fi àtàǹpàkò ti bọ́tìnì sí òsì, sí ọ̀tún, sí òsì, sí ọ̀tún, kíákíá nígbà tí dírífítì bá ń lọ, títí iná táyà á fi di búlúù, á sì di pupa. Kò sì sí òfin tó ní kọ́nà nìkan lẹ ti lè ṣe é.

Àwọn kan wá ronú pé, ṣé dandan ni kọ́nà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lórí títì tó nà tààrà. Dírífítì sósì, mini-turbo, dírífítì sọ́tùn-ún, mini-turbo, wọ́n ń wọ́ bí ejò lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkọ̀ wọn ò sinmi ìtasíwájú rárá. Snaking ni orúkọ ẹ̀, ejò náà ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ò ní rí ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyípo kan. Kí ìkarahun búlúù gbá a lẹ́ẹ̀mejì, kí mànàmáná sán pa á, á ṣì fi àlàfo ńlá parí ṣáájú yín. Àkọsẹ̀bá wà níbẹ̀ o, gbogbo ìkarahun pé, kò kàn lágbára mọ́ ni.

Ṣé inú àwọn èèyàn wá dùn pé ìmọ̀ọ́ṣe ti jọba? Wọ́n bínú gidi. Wọ́n ní ojóoró ni. Bí ẹnì kan bá ti ń wọ́ bí ejò, àwọn yòókù á kàn pa géèmù jáde. Àwọn tó ń ṣe é náà ń kérora pé àtàǹpàkò ń dun àwọn. Àwọn tó ń pariwo lónìí pé kí wọ́n yọ orí kúrò, kí wọ́n fi ìmọ̀ nìkan sílẹ̀, wọ́n ti fún wọn rí, lọ́dún 2005, wọ́n dá a padà.

Ṣé Mario Kart Wii ló ní àkọsẹ̀bá jù?

Ní ti ariwo, òun ni. Lọ́dún 2008, Nintendo yí ọwọ́ padà pátápátá. Títi òsì-ọ̀tún yẹn di èèwọ̀, mini-turbo wá ń gba àkókò, ẹ gbọ́dọ̀ di dírífítì mú fúngbà díẹ̀ kó tó dé, ejò kú nìyẹn. Káàtì di 12 látorí 8. Èèyàn mẹ́rin tó fi kún un kì í ṣe mẹ́rin lásán, olúkúlùkù wọn ló ń ṣí àpótí, olúkúlùkù wọn ló ń ju nǹkan. Wọ́n tún fi POW kún un tó ń mi gbogbo ilẹ̀, àti kùrukùru kan tó ń tẹ̀ lé yín kiri tó máa sán àrá lù yín àyàfi tẹ́ ẹ bá sáré lọ fara kan ẹlòmíì kó gba tiẹ̀. Ní pálọ̀, pẹ̀lú ọmọdé, ìyá àgbà, gbogbo èèyàn tó ń yí sítíárì oníke kiri, ẹnikẹ́ni ló lè jẹ ẹ́.

Àmọ́ ẹ wò ó. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí Nintendo tó pa á lọ́dún 2014, géèmù yẹn máa ń fún gbogbo èèyàn ní àmì 5000 láti bẹ̀rẹ̀, ẹ bá gbégbá orókè á pọ̀ sí i, ẹ bá fìdí rẹmi á dín kù, 9999 ni òkè ẹ̀. Ká ní orí nìkan ló ń ṣe é, gbogbo èèyàn ni ì bá máa pooyì yí 5000 ká. Àwọn kan gun un dé 9999, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gùn, torí ọ̀kadà lè gbé táyà iwájú sókè lójú ọ̀nà tó nà kó túbọ̀ sáré, ó sì gba kí ojú èèyàn là sílẹ̀ torí tẹ́nì kan bá gbún yín nígbà tí táyà wà lókè, ẹ ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà Wii yìí ló ní àkọsẹ̀bá púpọ̀ jù nínú ìdíje kan, òun náà ló sì ní àwọn tí ìmọ̀ wọn jìn jù. Mo sọ ọ́ níṣàájú pé nǹkan méjèèjì ò sí lórí òṣùwọ̀n kan.

Mario Kart 7 ti 2011 dín èèyàn kù sí 8, ó dá kọ́ìnì padà, ara tu èèyàn díẹ̀. Mario Kart Tour ti fóònù, lọ́dún 2019, gbé àkọsẹ̀bá kúrò lórí títì lọ sínú ṣọ́ọ̀bù: ẹ máa ta nǹkan látinú páìpù kan kẹ́ ẹ tó mọ awakọ̀ tẹ́ ẹ máa rí, owó gidi sì lè wọ̀ ọ́. Lọ́dún 2022 ni wọ́n yọ páìpù yẹn. Ìyẹn kálòkálò, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ jù báyìí lọ.

Kí ni Mario Kart 8 ṣe sí ewúrẹ́ yẹn?

Ó fún yín ní ọ̀pá. Mario Kart 8 jáde lọ́dún 2014, Deluxe tẹ̀ lé e lọ́dún 2017 lórí ẹ̀rọ géèmù Switch, òun ló sì tà jù nínú gbogbo wọn, ó lé ní mílíọ̀nù 60. Nǹkan tuntun tí wọ́n gbé wá níbẹ̀ ni họ́ọ̀nù ńlá kan, tẹ́ ẹ bá fọn ọ́n nígbà tí ìkarahun búlúù bá sún mọ́ yín, á fọ́ ọ yángá. Fúngbà àkọ́kọ́, ẹni tó wà níwájú ní ìdáhùn tí gbogbo èèyàn lè lóye. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi olú sá mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á dúró títí á fi fẹ́ bọ́ lé wọn lórí, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́, ó gba kí ọwọ́ yá ju ojú lọ.

Mario Kart 8 àkọ́kọ́ ní ìwà burúkú kan: nǹkan kan ṣoṣo lẹ lè ní lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó wà níwájú sì ń rí kọ́ìnì nínú àpótí ṣáá, kọ́ìnì ò lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìkarahun pupa. Deluxe ní kẹ́ ẹ máa kó nǹkan méjì. Ẹ ò ní mọ̀ bí ìyẹn ti tóbi tó àfi tẹ́ ẹ bá gbá méjèèjì. Pẹ̀lú nǹkan méjì, ẹ lè fi ọ̀kan pamọ́ de ewúrẹ́, ẹ lo èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ wàyí, mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi o. Ní Sunday yẹn, Deluxe là ń gbá, mo sì ní họ́ọ̀nù. Mo gbà á ní ìyípo kejì. Ìkarahun pupa kan ló ń bọ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀ tó lè gbà á fún mi, ẹ̀rù bà mí, mo fọn họ́ọ̀nù. Nígbà tí ewúrẹ́ dé ní ìyípo kẹta, ọ̀pá ti kán. Ọmọ ọdún 7 yẹn ńkọ́? Olú kan ló ní lọ́wọ́ láti ìyípo kejì, mo rí i lójú tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀, kò lò ó, ó fi pamọ́ dé kọ́nà ìkẹyìn tí koríko wà, ó wá fi gé e kọjá. Ọjà fún un ní ẹja, ó sì se é.

World ti 2025 ńkọ́, pẹ̀lú káàtì 24?

Níbẹ̀, ìkarahun búlúù kọ́ ni ọ̀rọ̀ mọ́, èrò ni. Káàtì 24 lójú ọ̀nà kan dà bí Ọ̀ṣòdì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ lè mọ mọ́tò wà bí ẹ ṣe fẹ́, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣì máa fẹ̀gbẹ́ gbá yín. Tẹ́ ẹ bá wà láàárín, ìkarahun mẹ́ta á dé lẹ́ẹ̀kan náà láti ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò rí. Àwọn èèyàn tún kédàárò pé ọ̀nà tó so pápá kan pọ̀ mọ́ òmíràn nà tààrà jù, kọ́nà ò pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́nà ni ìmọ̀ọ́ṣe ń gbé.

Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan mìíràn dípò. Ẹ lè fò gun ògiri, ẹ lè fi táyà rìn lórí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á sì rí ọ̀nà àbùjá níbi tí ẹlòmíì ti ń rí igi lásán. Ọ̀nà ìdíje kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Knockout Tour: èèyàn 24 bẹ̀rẹ̀, ní ibi àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan wọ́n ń lé mẹ́rin tó gbẹ́yìn lọ, 20, 16, 12, 8, títí á fi ku 4. Ẹ ò nílò láti wà níwájú rárá kẹ́ ẹ tó dé òpin, kẹ́ ẹ ṣáà má gbẹ̀yìn ni. Iwájú ló léwu jù, ẹ̀yìn náà léwu, àárín ni gbogbo èèyàn ń du. Èyí gba ìmọ̀, àmọ́ ìmọ̀ ẹni tó ń kọjá lọ́jà ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń sáré lórí pápá.

Ṣé ọ̀nà wà téèyàn fi lè wọn orí kúrò lára ìmọ̀?

Ó wà. Àkọ́kọ́ ni ìdíje aago, ẹ̀yin nìkan lórí pápá, kò sẹ́ni tó máa ju nǹkan lù yín, kò sí àpótí, olú mẹ́ta péré ni wọ́n sábà máa ń fún yín láti ayé Mario Kart 64 wá. Ayò ọlọ́pọ́n nìyẹn. Ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ ọ́n wà jù nínú ilé yín, ẹ̀yin àti aago ni.

Èkejì ni pé kẹ́ ẹ má fi ìdíje kan dájọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin lẹ ń jẹ 6 nínú 10 tẹ́ ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ yín gbá a. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ gbá a, ìgbà 40 nínú 100 ni òpè á nà yín. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 3 ló gbà á, ìgbà bíi 68 nínú 100 lẹ máa gbà á. Ẹ sọ ọ́ di ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 5, ó di bíi 73. Orí ń rẹ̀, ìmọ̀ kì í tètè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tẹ́nì kankan kì í wò, bí wọ́n ṣe ń pín máàkì. Lọ́dún 1992, ẹni àkọ́kọ́ ń gba 9, ìkejì 6, ìkẹta 3, ìkẹrin 1, ìkarùn-ún lọ sílẹ̀ òfo, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ tún ìdíje yẹn sá. Ní Deluxe, ó jẹ́ 15, 12, 10, 9, 8, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé 1. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n gbá yín láti ìkíní sí ìkarùn-ún ní kọ́nà ìkẹyìn. Nínú ti àtijọ́ tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń yìn yẹn, gbogbo 9 yín lọ. Nínú Deluxe, 8 ṣì kù lọ́wọ́ yín nínú 15. Ewúrẹ́ ti pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ìkòkò kékeré ló ń dà nù.

Tẹ́ ò bá fẹ́ ewúrẹ́ rárá ńkọ́?

Láti 2023, Deluxe jẹ́ kẹ́ ẹ yan nǹkan tó máa wà nínú àpótí fúnra yín tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìdíje nínú ilé. Ẹ lè pa ìkarahun búlúù, ẹ pa mànàmáná, ẹ fi olú nìkan sílẹ̀ tó bá wù yín. A dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ Sunday yẹn kan náà, èmi ni mo ní ká pa á, ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wò mí. Mo jẹ ìdíje àkọ́kọ́, mo jẹ ìkejì, mo jẹ ìkẹta, kò sí ìró fíìn-fíìn kankan. Ní ìdajì ìkẹrin, ọmọ yẹn gbé páàdì sílẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, èyí ò dùn," ó bá lọ wo kàtúùnù. Èmi àti àwọn káàtì kọ̀ǹpútà 10 la jọ parí ẹ̀, káàtì tiẹ̀ dúró gbagidi sínú koríko.